Bí wọ́n ṣe mú wa rìn ní Hastings

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, ni kí n máa mú àlejò kiri ìlú. Láti ààfin Honmè, a ó gba àárín ìlú lọ sí mọ́sálásí ńlá àtijọ́, a ó sì dé àdúgbò Akron níbi tí ojúbọ Àbẹ̀sán wà. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sí ibi tó lè dé tí kò ní máa wo amọ̀nà ibẹ̀: ibo ló ń dúró sí, ta ló ń kọjú sí, ìgbà wo ló ń dákẹ́. Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ fẹ́ rí?", mo ní kó mú mi lọ sí ìlú etíkun kan tó ti pẹ́, níbi tí amọ̀nà ti ń fi ẹsẹ̀ mú èèyàn rìn. Bí a ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hastings nìyẹn.

Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Hastings wà, ó kọjú sí òkun tó pín wọn níyà pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé. Ohun tí gbogbo ọmọ iléèwé wọn mọ̀ mọ́ orúkọ ìlú náà ni ogun ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ọdún 1066, tí William ará Normandy kó ọmọ ogun sọdá òkun, tó ṣẹ́gun Harold ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì gba adé. Ibi tí wọ́n ti jà gan-an tó nǹkan bíi kìlómítà 10 sí Hastings, ìlú tó wà níbẹ̀ báyìí ni wọ́n sì ń pè ní Battle. Amọ̀nà mìíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí ọba. Ọ̀pọ̀ nínú àwa amọ̀nà Àjàṣẹ́ náà, orí Tọ́fà, ọba Àjàṣẹ́ àtijọ́, la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àgbà ọkùnrin tó mú wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Etí omi ló kó wa lọ, níbi tí wọ́n ń pè ní Stade, láàárín àwọn ọkọ̀ ẹja. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Kò tíì sọ ohun kan tó fi kó wa sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ kò ti lè gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ pé àbúrò mi ń túmọ̀ fún mi. Láti ìgbà yẹn, tó bá sọ gbólóhùn méjì, á dúró, á wò wá títí àbúrò mi á fi parí, kó tó tẹ̀ síwájú. Mo mọ iyì ohun tó ṣe yẹn. Àwa tí à ń mú àlejò rìn lédè Faransé, tí a sì máa ń rí ìyá àgbà kan láàárín wọn tí kò gbọ́ ju Yorùbá tàbí Gùn lọ, a mọ bó ṣe rọrùn tó láti fi í sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀: "Èbúté ìlú yìí dà?" Gbogbo wa wò yíká. Kò sí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni gbogbo etíkun náà, orí òkúta yẹn ni wọ́n ń fa ọkọ̀ gùn bí wọ́n bá ti òkun dé. Láyé àtijọ́, ẹṣin ló ń yí ẹ̀rọ tí ń fa okùn; lónìí, katakata ni. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté gidi, owó tán lọ́nà, kùkùté ògiri tí wọ́n kọ́ dé ibi tí owó tán sí ṣì nà wọnú omi títí dòní. Nítorí pé ọkọ̀ ńlá kò ṣe é fà gun òkúta, ọkọ̀ kéékèèké ni àwọn apẹja Hastings ń lò. Wọ́n sì sọ pé nínú gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù, kò sí ibòmíràn tí ọkọ̀ ẹja tí ń gbéra láti orí iyanrìn tàbí òkúta lásán ti pọ̀ tó tiwọn.

Lẹ́yìn náà ló mú wa lọ síwájú àwọn ilé dúdú. Mo fẹ́ kí ẹ rí àwọn ilé yìí dáadáa. Pákó ni wọ́n, wọ́n ga gogoro, àjà méjì, àjà mẹ́ta, ṣùgbọ́n fífẹ̀ wọn kò ju nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀ lọ. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà-ìlà, ó ku bíi 50 nínú wọn. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn wọ́n ki débi pé ó ń ṣàn bọ̀ lára pákó, ó sì gan sójú kan ní ìsàlẹ̀. Bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ní kí àwa náà fi lé e. Oòrùn ti mú ọ̀dà náà rọ̀ díẹ̀. Òórùn rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ títí a fi padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà tí ọwọ́ gbogbo wa ti kan ògiri tán ló tó sọ ohun tí wọ́n fi ilé náà ṣe: àwọ̀n, okùn àti ìgbòkun ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fi òwú hun àwọ̀n, tó bá wà ní ọ̀rinrin, jíjẹrà ló ń jẹrà. Ilẹ̀ etíkun kò sì tó, gbogbo ẹbí ló fẹ́ àyè, ni wọ́n bá kọ́ ọ sókè.

Ọgbọ́n tí mo rí jí níbẹ̀ nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún àbúrò mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ kọ́kọ́, ọdún lẹ́yìn. Èèyàn tó ti fọwọ́ kan nǹkan á fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tí o kọ́kọ́ ka ọdún fún, fóònù rẹ̀ ló máa wò.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà nítòsí tí wọ́n kọ́ fún àwọn apẹja ní 1854, tó di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní 1956. Ọkọ̀ ìgbòkun kan, Enterprise, tí wọ́n kàn ní 1912, ló gba àárín rẹ̀. Ògiri ni wọ́n wó kí ó tó wọlé. A ò pẹ́ níbẹ̀.

A wá gba òpópónà All Saints gòkè. Àfonífojì ni ìlú àtijọ́ náà, òkè kan ní ìlà-oòrùn, òkè kan ní ìwọ̀-oòrùn. Ìtí igi dúdú ló gbé ògiri àwọn ilé ibẹ̀ dúró, wọ́n sì fi ọ̀pá wẹ́wẹ́ àti amọ̀ dí àárín wọn. Yàrá òkè yọ sórí títì ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ìgbà tí bàbá náà dárúkọ amọ̀, ọkàn mi fò padà sí àwọn ilé Àgùdà wa ní Àjàṣẹ́, tí àwọn tó ti Brazil dé àti àwọn ọmọ wọn kọ́: fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lókè, òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì yọ sára ògiri, amọ̀ pupa lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí símẹ́ńtì òde bá ti là, tí òjò wọ inú amọ̀, ilé ti ń lọ nìyẹn. Mo ti rí èyí tó wó lójú mi, àwọn kan sì ń gbé inú yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ títí dòní nítorí pé ẹbí kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa tún un ṣe. Ó dùn mí. Igi àti amọ̀ ti All Saints náà lè jẹrà. Títún un ṣe láti ìran dé ìran ló mú un dúró.

Ohun mìíràn tún wà ní òpópónà yẹn. Bàbá náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé inú àwọn ilé náà, ó sì ń kí ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó sọ ìtàn ilé rẹ̀ fún wa. Ó bẹ̀ wá kí a má ya fọ́tò fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì St Clement, ó ní kí a wo ilé agogo, kí a wá ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ọmọdébìnrin kan ló kọ́kọ́ rí i: ọta àgbá ni, ó há sínú ògiri lókè. Ọkọ̀ ogun ló yìn ín láti ojú òkun. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú wá fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí méjèèjì lè dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ ló gbà wá ní àkókò jù. Láàárín 1700 sí 1800, gbogbo etíkun yẹn ń gba bùràńdì, tábà àti tíì wọlé lóru. Owó ibodè ló fà á. Lórí tíì nìkan, owó tí ìjọba ń gbà ju iye ọjà fúnra rẹ̀ lọ, títí di 1784 tí wọ́n já a wálẹ̀ láti 119 sí 12 àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín ìgbà díẹ̀, fàyàwọ́ tíì kò lérè mọ́. Bàbá náà kò sọ àwọn oníṣẹ́ yìí di akọni. Ó sọ ti ẹgbẹ́ Hawkhurst, tí wọ́n pa aṣọ́bodè kan àti ẹlẹ́rìí kan ní 1748, tí ìjọba sì so àwọn aṣáájú wọn kọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Èmi tí mo dàgbà láàárín ìgò kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ni kò ní yé mi níbẹ̀? Láti Ìgòló létí ibodè dé Ọ̀wàǹdó ní Àjàṣẹ́, epo Nàìjíríà ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, ó ti rán ọmọ lọ síléèwé, ó sì ti jó èèyàn. Ní oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, iye owó kpayo fò sókè lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná sọ ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, létí ibodè Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ń kó epo sí, èèyàn tó lé ní 30 kú. Kò sí amọ̀nà kan ní Àjàṣẹ́ tó ń dúró níwájú ìgò kpayo sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò. À ń tijú rẹ̀. Wọ́n ń sọ tiwọn ní Hastings nítorí ó ti pé igba ọdún, ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó ti ìgò náà lónìí ni yóò sọ ọ́ dára ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Ìgbẹ̀yìn la tó gun òkè lọ wo àjákù ilé olódi tí William kọ́. Apá kan rẹ̀ ti já sínú òkun pẹ̀lú òkè tó gbé e dúró. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé, mo ti yí ọ̀nà mi padà. Ẹ̀bá ọ̀sà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, nígbà tí àwọn apẹja ń ti orí omi bọ̀. Ààfin ti di àárín ìrìn. Mo máa ń dúró níwájú ilé Àgùdà kan tí ògiri rẹ̀ ti là, pẹ̀lú àṣẹ bàbá tó ni ín, kí àlejò lè wo amọ̀ pupa náà nítòsí kí n tó sọ̀rọ̀ Bahia ní Brazil. Bàbá náà fúnra rẹ̀ máa ń jáde wá, á sọ ẹni tó kọ́ ilé náà nínú ẹbí wọn, mo sì máa ń dákẹ́ fún un.

Èyí tó kù ni ti kpayo àti ti ọ̀sà. Mò ń wá ẹni tó ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé epo rí, tàbí tí ìyá rẹ̀ tà á, tí yóò gbà láti dúró pẹ̀lú mi kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, láìdárúkọ bí kò bá fẹ́. Owó tí àlejò bá san, a ó pín in. Tí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.