Bí mo ṣe ka ìlà dátábéèsì tí oorun fi dá lójú mi

Aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ ni mo pe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, àwọn tí mò ń bá ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. "Mọ̀mí, ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú lálẹ́ yìí. Ó jọ pé àkọsílẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ti sọnù." Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Owó ta ni?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ.

A ń kó dátábéèsì wọn, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, kúrò lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé e) àtijọ́ tó ń lo MySQL 5.7 lọ sórí tuntun tó ń lo MySQL 8 ni. MySQL ni ètò tó ń bójú tó dátábéèsì náà. Nígbà tí mo kó o tán, mo ní kí n wo iye ìlà (àkọsílẹ̀ kan ni ìlà kan) inú tábìlì kọ̀ọ̀kan níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ohun tí mo tẹ̀ kò ju èyí lọ:

SELECT table_name, table_rows FROM information_schema.tables WHERE table_schema = 'ajeseku';

Tábìlì tí wọ́n ń kọ owó ìfipamọ́ sí fi 412,880 hàn lórí sáfà àtijọ́. Lórí tuntun, 388,415. Àyà mi já.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, MyISAM ló pọ̀ nínú àwọn tábìlì tí mò ń bá pàdé. MyISAM àti InnoDB ni ọ̀nà méjì tí MySQL lè gbà tọ́jú tábìlì. MyISAM máa ń kọ iye ìlà rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tó bá sọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. InnoDB, tí MySQL ń lò láti ẹ̀dà 5.5 bí a ò bá dárúkọ òmíràn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè ti fi ìlà mẹ́wàá kún tábìlì láì tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wà nínú tábìlì yẹn kan náà má rí ẹyọ kan níbẹ̀. Iye ti ta ni kó wá kọ sílẹ̀? Ó kúkú ń fojú bù ú ni.

Bí ẹ bá ti ra àpò ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà rí, ẹ mọ̀ pé oníbàárà kì í tú gbogbo àpò sílẹ̀. Á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ níbi mélòó kan, á wo ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, á fi ìyẹn dá àpò lẹ́jọ́. Ojú ewé 20 nínú tábìlì ni InnoDB máa ń ṣí wò, á wá fi ṣírò gbogbo tábìlì. Ìwé àlàyé MySQL fúnra rẹ̀ sọ pé ó lè fi ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí òótọ́. Mi ò kà á rí títí di òru yẹn. MySQL 8 tún máa ń tọ́jú iye náà fún wákàtí 24 kó tó tún un wò, ìyẹn ni pé ìfojúbù àná lẹ lè máa gbé àyà sókè lé lórí.

Ó wá di dandan kí n kà á. Tábìlì wọn lé ní ọgọ́ta, mi ò sì ní agbára àtimáa tẹ COUNT(*), àṣẹ tó ń ka ìlà gan-an, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bá ní kí dátábéèsì bá mi kọ ọ́:

SELECT CONCAT('SELECT ''', table_name, ''', COUNT(*) FROM `', table_name, '` UNION ALL') FROM information_schema.tables WHERE table_schema = 'ajeseku' AND table_type = 'BASE TABLE';

Ẹ da èsì rẹ̀ kọ, ẹ yọ UNION ALL tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá fún dátábéèsì padà. Ẹ má gbàgbé BASE TABLE o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn view (ìbéèrè tí a fi pamọ́, tó ń fara hàn bíi tábìlì) á dà pọ̀ mọ́ tábìlì.

Èsì tábìlì owó ìfipamọ́ nìyí. Àtijọ́: 401,236. Tuntun: 401,199. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún pòórá, ó ku 37. Àwọn 37 yìí ló wá ń dùn mí, torí wọ́n sọnù lóòótọ́. Ká ní ìfojúbù méjèèjì bára mu ni, mi ò bá ti lọ sùn.

Nọ́ńbà id, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbà bó ṣe ń wọlé, ló tú àṣírí: gbogbo wọn ló dé lẹ́yìn ìlà tó gbẹ̀yìn lórí sáfà tuntun. Aago mẹ́sàn-án ni mo bẹ̀rẹ̀ mysqldump, irinṣẹ́ tó ń da dátábéèsì kọ, pẹ̀lú --single-transaction, tó máa ń kó dátábéèsì bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Alájọ kan ṣì jókòó sílé, ó ń tẹ owó tó gbà lọ́jà lọ́jọ́ náà sórí fóònù rẹ̀. Èmi ni mi ò ti ápù tó fi ń tẹ̀ ẹ́ pa. Ta ló ń ka ewúrẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ọgbà ṣí sílẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo PostgreSQL, ètò dátábéèsì mìíràn, n_live_tup àti reltuples tó ń sọ iye ìlà níbẹ̀ náà, ìfojúbù ni. Láti ẹ̀dà 14, bí reltuples bá jẹ́ -1, wọn ò tíì ṣe VACUUM tàbí ANALYZE (iṣẹ́ ìtọ́jú tó ń tún ìfojúbù yẹn ṣe) sí tábìlì yẹn rí. Òdo ló máa ń fi hàn tẹ́lẹ̀, èèyàn á sì rò pé tábìlì ṣófo. Mi ò kórìíra ìfojúbù o. Bí mo bá kàn fẹ́ mọ tábìlì tó tóbi jù, òun ni mò ń wò, torí COUNT(*) lórí tábìlì ńlá máa ń gba àkókò.

Mo fi àwọn 37 náà sí i, mo tún ṣe SUM (àròpọ̀) owó inú tábìlì níhà méjèèjì, torí ìlà lè pé kí owó inú rẹ̀ má pé. Ó bára mu. Ilẹ̀ mọ́, mo pe Mọ̀mí, mo ka orúkọ àwọn tó ni owó náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o ti kọ gbogbo ẹ̀ padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Lọ sùn."