Omi Tí Winnipeg Ń Mu

Bí ẹ bá ń gbé ní Winnipeg, ní Canada, tí ẹ ṣí ẹ̀rọ láti gbé omi ẹ̀bà kaná, omi Shoal Lake ni. Láti ọdún 1919 ni páìpù tó gùn tó 150 kìlómítà ti ń gbé e wá sínú ìlú. Etí adágún náà gan-an ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Shoal Lake 40 First Nation ń gbé. Iṣẹ́ páìpù yẹn ló lé wọn kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí, odò tí wọ́n gbẹ́ nítorí rẹ̀ ló sì sọ ibùgbé wọn tuntun di erékùṣù. Láti 1997 títí di oṣù kẹsàn-án 2021, ọdún 24, ìkìlọ̀ wà lórí omi tiwọn: ẹ má mu ún láìsè.

Orílẹ̀-èdè tó lówó báyìí, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn tí omi onídọ̀tí pa ènìyàn 7 ní Walkerton ní ọdún 2000, ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario, níbi tí Walkerton wà, ṣòfin ní 2002: ẹni tó ń darí ẹ̀rọ omi gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, wọn ò gbọdọ̀ fi àbájáde àyẹ̀wò pamọ́, ẹni tó bá rú u yóò rẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ (First Nations) wà, òfin yẹn kò wọ ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń fún wọn lówó, ìgbìmọ̀ ìletò wọn ń darí ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ ìlera ń yẹ omi wò. Bó bá bàjẹ́, kálukú á nawọ́ sí ẹnì kejì. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí omi wọn ní 2013 kò ní ìlànà kankan lábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi wọ́gi lé e ní 2022. Àbá òfin C-61, tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2023, kú nígbà tí ìjókòó ilé aṣòfin parí ní oṣù kìíní 2025.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti tíṣà tó ń lọ ṣiṣẹ́ lápá àríwá, ẹ bèèrè irú ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ "ẹ sè é", kòkòrò ni wọ́n ń sá fún: kí omi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, títí kan èyí tí ẹ ó fi fọ eyín. Bó bá jẹ́ "ẹ má mu ún", kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀, sísè kò lè lé e. Bí omi ṣe ń fà lórí iná ni kẹ́míkà á máa ki sí i. "Ẹ má lò ó" kò yọ ìwẹ̀ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó bá ti ju oṣù 12 lọ ni wọ́n ń pè ní ọlọ́jọ́ pípẹ́, iye wọn ni ìjọba ń kà. Kíkà yẹn ń ṣì wá lọ́nà. Ní 2021, Karen Hogan, Auditor General tó ń yẹ iṣẹ́ àti ìnáwó ìjọba àpapọ̀ wò, rí i pé 60 ṣì wà ní ìletò 41, àti pé àtúnṣe onígbà díẹ̀ ni wọ́n fi mú àwọn kan kúrò. Èyí tó dùn wá jù nínú ìwé rẹ̀ ni pé 43% ẹ̀rọ omi ló wà nínú ewu ńlá tàbí ewu àárín, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ní ọdún 5 ṣáájú.

Kíkọ́ ilé ẹ̀rọ kọ́ ni ìṣòro, ìtọ́jú rẹ̀ ni. Neskantaga, ìletò ọmọ onílẹ̀ kan ní Ontario, gba ilé ẹ̀rọ tuntun ní 1993. Ìkìlọ̀ dé ní 1995, kò sì tíì kúrò nígbà tó pé ọdún 30. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń dé ibẹ̀, àfi ìgbà òtútù tí yìnyín bá di títì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Páńpù kékeré kan tó bá bàjẹ́ lásán lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Omi àwọn adágún wọ̀nyẹn kún fún ewé jíjẹrà. Bí kiloríìnì bá pàdé rẹ̀, kẹ́míkà mìíràn ló ń yọ, nítorí náà àsẹ́ gbọ́dọ̀ ti mú un kúrò kí kiloríìnì tó débẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí Hogan yẹ̀ ẹ́ wò ní 2021, ìṣirò owó ìtọ́jú tí ìjọba ń lò, ọdún 1987 ni wọ́n ti ṣe é, owó oṣù àwọn tó ń darí ẹ̀rọ sì fi 30% kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn níbòmíràn. Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí tán á bá owó lọ.

Bí aṣòfin àdúgbò yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ má bi í ní iye ìkìlọ̀ tó kúrò. Ẹ bi í bóyá ìṣirò 1987 ti yí padà, èló ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, àti pé lọ́jọ́ tí ara ẹni yẹn kò bá yá, ta ni yóò wọn kiloríìnì?