Tómi bá ń pá àgbà lórí

Nílé wa, bómi bá pá àgbà lórí, "ẹ pẹ̀lẹ́" la máa ń sọ, a ó gbá wọn lẹ́yìn díẹ̀, ó parí. Àmọ́ tó bá ti wá di ojoojúmọ́, pàápàá lára ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, "ẹ pẹ̀lẹ́" nìkan ò tó mọ́ o, torí omi tó ń yà sínú ẹ̀dọ̀fóró yẹn lè di òtútù àyà, ìyẹn sì máa ń pa àgbà.

Ẹ fìka kan gògóńgò yín, kẹ́ ẹ wá gbé itọ́ mì. Ṣẹ́ ẹ rí i bó ṣe fò sókè? Iṣan ló gbé e. Béèyàn ṣe ń dàgbà niṣan yẹn ń dẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ní ẹsasáìsì tiẹ̀ náà nìyẹn.

Èyí tí wọ́n kọ́ màmá wa ní ọsibítù, Dókítà Reza Shaker ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde. Ẹ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ láìsí pílò, ẹ ó wá gbé orí nìkan títí ẹ ó fi rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín, èjìká ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ o. Ìṣẹ́jú 1 lókè, ìṣẹ́jú 1 ìsinmi, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa gbé e sókè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà 30. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n là á sílẹ̀, àmọ́ àgbà wo ló máa ṣèyẹn tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́? A ò tíì kà dé ogún tí màmá fi ní, "Rọpárọsẹ̀ ò pa mí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ fọrùn pa mí." Díẹ̀díẹ̀ la fi bá wọn lọ.

Ẹni tọ́rùn ń dùn kó má dán an wò o. Irú wọn lè jókòó, kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré há abẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà Japan tún máa ń pe "pa, ta, ka, ra" kí wọ́n tó jẹun, ètè, ahọ́n, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Èyí ni màmá fẹ́ràn jù, wọ́n ti fi ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sóúnjẹ lẹ́nu tẹ́ ẹ bá ń ṣe é. Ẹ má sì gbórí àgbà sẹ́yìn da omi sí wọn lẹ́nu, jíjókòó dáadáa ni kí wọ́n ti mu ún. Tóhùn wọn bá ń dún bíi pómi ṣì wà lọ́fun lẹ́yìn oúnjẹ, tára wọn tún ń gbóná, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, ẹ má dúró ṣe ẹsasáìsì kankan.