Ẹ bi ilẹ̀ léèrè kí ẹ tó gbẹ́ kòtò fún àgbàrá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àtúnkọ́ ìlú, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ti kọ́lé sí rí kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Ìṣirò omi òjò tí ilẹ̀ ní láti gbà kò le. Òjò mìlímítà 25 lórí òrùlé tí ó gùn ní mítà 20, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, yóò tú omi lítà 5,000 sílẹ̀. Nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, níbi tí omi òjò àti omi ìdọ̀tí ti ń gba páìpù kan náà ní apá púpọ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún 25 ní 2011, láti fi ọgbà, igi àti ilẹ̀ tí ń fa omi dá àgbàrá dúró níbi tí òjò bá ti rọ̀.

Mo ya irú ọgbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó sì dùn ún wò lórí ìwé. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, omi dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, tanwíji sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí a gbẹ́ ẹ, dígà ń ta padà: ẹ̀rọ tó wó ilé àtijọ́ ti tẹ àfọ́kù bíríkì mọ́ amọ̀ títí ó fi le bí ilẹ̀ yàrá. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbẹ́ kòtò ìdánwò dé ibi tí omi yóò ti máa wọlẹ̀, n óò rọ omi sí i kí ilẹ̀ mu yó, n óò tún rọ òmíràn, kí n tó wọn bí ó ṣe ń fà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ibẹ̀ bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti lo epo tàbí kẹ́míkà rí, ẹ yẹ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò. Bí májèlé bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí ìsàlẹ̀ kòtò ọgbà náà, kí ẹ to páìpù oníhò lé e, kí omi má baà fọ májèlé náà wọ omi abẹ́ ilẹ̀.

Ẹ dúró sínú òjò pẹ̀lú. Níbi iṣẹ́ mìíràn, ẹnu tí omi yóò gbà wọnú ọgbà fi ìwọ̀n ìka méjì ga ju ọ̀dà títì lọ, àgbàrá sì kọjá bí ẹni tí kò mọ ilé. Kò sí ìwé tó lè fi ìyẹn hàn yín.

Ti òkúta tí a fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà, tí omi ń gba àlàfo rẹ̀ wọlẹ̀, ló ń bí mi nínú jù, nítorí eruku máa ń dí àlàfo náà bí a kò bá gbá a. Èmi kì í fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ mọ́, àfi bí mo bá rí i kà níbẹ̀ ẹni tí yóò máa gbá a.