Kókó inú iyán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nílé wa ní Iléṣà ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè kọ èyí kí oorun iyán tó gbé mi lọ.

Màámi ti lọ ìpàdé ẹgbẹ́. Bí Bàámi ṣe rí i tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, iṣu ni wọ́n kì mọ́lẹ̀, ó di bíbẹ. Mo ní kí n gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Lọ jókòó jàre, ọmọ Èkó! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ gún iyán." Ìjẹ̀ṣà sì ni wá o, ẹni tó bá fi iyán ṣeré lọ́dọ̀ wa ń wá wàhálà.

Ìgbà tí wọ́n ń kó o kúrò nínú odó ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Wọ́n ń fi ìka tẹ iyán náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wá kókó. Èyí tí wọ́n bá rí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jù ú sẹ́nu ara wọn. Èyí tó jọ̀lọ̀ ni wọ́n gbé síwájú mi, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti orí ẹja. Èmi tí mo ti ń bọ́ ọmọ tèmi!

Bàámi ò sọ fún mi rí pé àwọn fẹ́ràn mi. "Ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?" ni tiwọn. Mo ní ó tó. Wọ́n tún bu ẹran sí i.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú èyí wà nílé tiyín? Kí ni wọ́n máa ń sè dè yín?