Igbó Dean àti Igbó Ọ̀ṣun: ẹ yé sọ pé a kàn ń jayé

Bí fọ́tò igbó òyìnbó tí àwa tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà bá ti bọ́ sórí Wásáàpù ẹbí, ẹ mọ ohun táwọn ará Òṣogbo máa sọ: "Ẹ ṣáà ń jayé orí yín lọ́hùn-ún." Lójú wọn, èèyàn kàn máa jí lọ́jọ́ Sátidé ni, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di igbó. Igbó Dean tó wà ní Gloucestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín odò Wye àti odò Severn, rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ètò tó wà nídìí ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ lè mú kí èèyàn jókòó sílé.

Igbó Ọ̀ṣun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Màrúwá á gbé yín débẹ̀ láti Ọjà Ọba. Ẹ ó sanwó ìwọlé, ẹ ó mú amọ̀nà, ẹ ó béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ ó sì fi oúnjẹ yín pamọ́ kí ọ̀bọ má bàa jí i. Ó parí. Oṣù Kẹjọ nìkan ni èrò kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè rìn.

Ti Dean kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ibi tó yẹ ní wíwò fọ́n káàkiri: ihò kùsà Clearwell, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Soudley, òkè Symonds Yat táwọn àṣá ń pa ìtẹ́ sí. Rélùwéè dé Lydney, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ bọ́ọ̀sì ṣọ̀wọ́n, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tí kò ní mọ́tò, ibì kan ni kó mú lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ní mọ́tò, kó má ju ibi méjì lọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń fi èéfín rìn láti Lydney sí Parkend kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn kí ẹ tó kúrò nílé. Nínú ihò Clearwell, òtútù rẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bíi 10°C yálà ooru ń mú níta tàbí yìnyín ń bọ́, nítorí náà ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání nínú oṣù Keje pàápàá. Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ibi tó ń dunni jù ni ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kò sí ọmọkùnrin kankan tó máa ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e síbí, mo ń bá yín wò ó." Ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀. Ẹ ó tẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ yín sí i. Bí ẹ bá fi òdo rọ́pò lẹ́tà O, bí ẹni tí kò sanwó ni. Ibòmíràn, áàpù ni wọ́n fẹ́, inú àfonífojì tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹ sì wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà ìtanràn á bá yín nílé. Bí ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, wọ́n sábà máa ń gba ìdajì. Bí ẹ bá fẹ́ jà á, ẹ̀rí ni wọn yóò béèrè. Torí náà, ilé ni kí ẹ ti gba áàpù sórí fóònù, kí ẹ fi máàpù igbó náà pamọ́ sórí rẹ̀, kí ẹ mú owó ẹyọ dání, bí ẹ̀rọ náà bá sì bàjẹ́, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aago.

Àwọn ará Dean ní ọmọ onílẹ̀ tiwọn náà. Ẹni tí wọ́n bí sí agbègbè St Briavels, tó ti lé lọ́mọ ọdún 21, tó sì ti ṣiṣẹ́ ọdún kan àti ọjọ́ kan nínú ihò kùsà níbẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti wa èédú tàbí irin tirẹ̀. Òfin 1838 ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta agbègbè náà làwọn aboyún ń lọ bímọ báyìí, ní ọsibítù ńlá, ọmọ onílẹ̀ wá ń dín kù.

Nípa ère, Òṣogbo ló borí, kò lẹ́jọ́ nínú. Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí àti Buraimoh Gbàdámọ́sí, ojúbọ ni wọ́n mọ, wọ́n sì ń tún un ṣe. Ọ̀nà ère Beechenhurst nínú igbó Dean, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, igi ni púpọ̀ nínú tiwọn. Bó bá jẹrà, wọ́n á wó o. Àga ràgàjì tí gbogbo èèyàn ń lọ wò, wọ́n wó o ní 2015.

Odò méjèèjì ló ń ṣàìsàn. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, ìjọba kìlọ̀ pé ká má mu ún, síbẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń bu ún lọ́jọ́ ọdún. Ìgbẹ́ adìyẹ látinú àwọn oko ńlá ló ń ba Wye jẹ́ ní tiẹ̀.

Ká wá padà wálé nítorí igbó? Rárá o. Òpó aláwọ̀ ló ń júwe ọ̀nà níbí, èèyàn lè dá rìn fún wákàtí mẹ́ta láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó "wá nǹkan fún àwọn ọmọ." Ẹni tí ẹ bá pàdé á kí yín lẹ́nu kan, á kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ ìtàn igi kankan fún yín. Pátákó ni ẹ ó kà. Ó ń dáni lágara nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òkè-Baálẹ̀ àti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, tí ẹ kò tíì dé igbó yẹn láti ìgbà tí tíṣà ti kó yín lọ, ẹ kò lè fi jíjayé bú wa.