Tẹ́ǹtì etí òkun, àti Adé Love

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kejì, 2025. Ìlọrin.

Ojú mi ṣì wúwo. Nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́ àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Film Independent Spirit Awards, ọ̀sán lọ́dọ̀ tiwọn, inú tẹ́ǹtì létí òkun ní Santa Monica, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń fún lẹ́bùn yìí lọ́dọọdún. Ère ẹyẹ tó na ìyẹ́ ni ẹ̀bùn náà. Wọ́n fi okùn bàtà wé igi tí ẹyẹ náà bà lé, owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ni okùn yẹn dúró fún.

Anora ló gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ. Sean Baker tó darí rẹ̀ gba ti olùdarí, Mikey Madison gba ti òṣèré. Mílíọ̀nù 6 dọ́là ni wọ́n ná lé e. Mo rẹ́rìn-ín. Owó táṣẹ́rẹ́ kẹ̀! Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ sí náírà. Àmọ́ nígbà tí Baker bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ó ní èèyàn lè fi ọdún mẹ́ta ṣe fíìmù kan, kí ni kó máa fi gbọ́ bùkátà ní gbogbo àkókò yẹn? Àfi bíi pé àwa tá à ń ya fídíò ìgbéyàwó kiri Ìlọrin ló ń bá wí.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ẹ̀bùn tí wọ́n fi John Cassavetes sọrí. Fíìmù tí owó rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 1 dọ́là nìkan ló lè du ún. Cassavetes, òṣèré àti olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, a máa ṣeré nínú fíìmù ẹlòmíì, á kó owó tó bá rí níbẹ̀ fi ṣe tirẹ̀. Kódà ó ya fíìmù nínú ilé ara rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Agbamu ní Gúúsù Kwara níbí, ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìdí tíátà alárìnká ló ti bọ́ sídìí fíìmù, láyé tí àwọn onífíìmù ń ru ẹ̀rọ àti róòlù wọn láti ìlú dé ìlú.

Níbi àríyá ẹ̀bùn fíìmù tiwa, aṣọ tí wọ́n wọ̀ la máa ń sọ títí. A kì í béèrè iye tí wọ́n fi ṣe fíìmù, àfi tó bá pọ̀ débi tí wọ́n á fi yangàn. Bẹ́ẹ̀ tiwa náà ti dé ibẹ̀ rí: Mami Wata ti C.J. Obasi, aláwọ̀ dúdú àti funfun, wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní 2024.

Láàárọ̀ yìí mo pe ẹ̀gbọ́n tá a jọ kọ ìtàn fíìmù wa. Sípọ́ńsọ̀ ni wọ́n ń dúró dè látọjọ́ yìí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ yà á nílé yín ní Òmù-Àrán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tó wa.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ìyá mi ńkọ́?”

“A ó fún wọn ní ipa kan.”

“Wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu o.”